Títa Aṣọ Òfì Lórí Fóònù: Ibi Tí Oníṣòwò Kékeré Yóò Ti Bẹ̀rẹ̀

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin ará mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ọdún yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Ẹ ti mọ̀ wá mọ́ ọ̀rọ̀ náháwù, fíkíì àti ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ kò mọ̀ wá mọ́ ọ̀rọ̀ fóònù. Ohun tí ó fà á ni pé ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí a ṣe kẹ́yìn, nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé, bàbá kan dìde, ó ní òun kò kọ̀ láti san, pé aṣọ tí òun ti hun láti oṣù mẹ́ta ni ó kún ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà. Ó jókòó, gbogbo wa dákẹ́. Ìyá kan tí òun náà ń ta aṣọ òfì wá rọra sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí yóò rà á kò mọ̀ pé ẹ ní i ni." Ó ní àwọn tí ń gbé ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun ń tà fún, bẹ́ẹ̀ òun kò kúrò ní Ìsẹ́yìn níbí.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní ìbéèrè, tí a sì ń dán an wò pẹ̀lú àwọn òbí mélòó kan. Ohun tí a rí kọ́ ni a kó jọ síbí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni àáfà ń wá lórí Facebook. A kò bá wọn jà. Àwa náà ni a máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a ó sì tún gbà á lọ́la bí wọ́n bá mú un wọ kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn bàbá wa ń ru aṣọ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, wọn kò kọ́kọ́ béèrè bóyá olè wà ní ọjà ibẹ̀. Olè wà níbẹ̀. Wọ́n lọ nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà wà, wọ́n sì so owó wọn mọ́ ìdí. Lónìí, ọ̀pọ̀ oníbàárà wà lórí fóònù, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó tí wọn kò sì ní àkókò láti wá sí Ìsẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a yára sọ ohun tí àwọn ìkànnì wọ̀nyí jẹ́. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí à ń pè ní GSM dé Nàìjíríà. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Facebook ra Instagram ní 2012, ó ra WhatsApp ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà sì yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Meta ní 2021. Nítorí náà, ọwọ́ olówó kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. TikTok ní olówó tirẹ̀ lọ́tọ̀, láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá.

Bí ẹnì kan bá bi wá pé nínú gbogbo wọn, èwo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀, WhatsApp ni a ó sọ. Ẹni tí ó ti mọ̀ yín ni ó máa ń kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ yín, orí WhatsApp ni àwọn tí ó mọ̀ yín sì wà: ẹbí, ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù, àwọn tí ẹ jọ kàwé, àwọn tí ẹ jọ lọ sí Mẹ́kà. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan jáde fún àwọn oníṣòwò, wọ́n pè é ní WhatsApp Business. Ọ̀fẹ́ ni. Ó lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá ti jẹ́ ọ̀kan náà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ra síìmù ọ̀tọ̀ fún ọjà, kí ẹ sì fi orúkọ ara yín rà á. A ti rí ẹni tí ó lo síìmù tí àbúrò ọkọ rà. Nígbà tí síìmù náà sọnù, àbúrò ọkọ ti lọ sí Kánò, kò sì sí bí a ó ṣe gba nọ́ńbà náà padà kíákíá.

Bí ẹ bá ti ṣí i, yóò béèrè orúkọ ọjà. Ẹ kọ orúkọ tí ẹni tí kò mọ̀ yín rí yóò fi mọ ohun tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá kọ "Ìyá Ìbejì", àwọn ará àdúgbò nìkan ni ó yé. Bí ẹ bá kọ "Ìyá Ìbejì Aṣọ Òfì, Ìsẹ́yìn", ó ti yé ará Èkó. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀bù àti àkókò tí ẹ máa ń ṣí i. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Catalogue, ibẹ̀ ni ẹ ó to fọ́tò ọjà sí pẹ̀lú iye rẹ̀, bí ẹni to aṣọ sórí tábìlì. Ibì kan sì wà tí ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ sí, tí yóò máa dá ẹni tí ó bá kọ̀wé sí yín lóhùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí. Èyí wúlò fún àwọn oníbàárà òkè òkun. Bí ó bá jẹ́ aago mẹ́wàá alẹ́ níbí, ilẹ̀ kò tíì ṣú fún wọn ní Houston, wọn kò sì mọ̀ pé ẹ ti sùn.

Ohun tí ó pọ̀ jù lọ tí àwọn òbí wa ń lò ni Status, ìyẹn fọ́tò tí ẹ gbé síta tí ó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣedànù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí a jọ dán an wò gbé fọ́tò síta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tí ó ń wò ó kò ju mọ́kànlá lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àwọn ènìyàn ń bá òun ṣe kèéta. Kò sí kèéta níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè rí Status yín àyàfi bí ẹ bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù yín, tí òun náà sì ti kọ ti yín sínú tirẹ̀. Ìyá yìí ní nọ́ńbà igba ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn igba náà kò ní tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ra ohun tí kò ju fìlà kan lọ, kò ní jẹ́ kí ó lọ títí yóò fi kọ nọ́ńbà òun sílẹ̀ lójú òun. Ó ń ṣe é tẹ̀rín tẹ̀rín, wọn kì í bínú.

Fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lóòjọ́. Ẹni tí ó bá gbé ogójì síta, a ó kàn fò ó kọjá ni. Ẹ má sì kó àwọn ènìyàn sínú gúrúùpù láì bi wọ́n. Bí ìgbà tí ènìyàn fa aláwọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò gan-an ni a fẹ́ kí ẹ fi etí sí. Aṣọ òfì kò jọ gààrí tí ìwọ̀n kan náà ni níbi gbogbo. Àwọ̀ ni wọ́n ń rà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àlàárì tí ó pọ́n dáadáa àti èyí tí ó fẹ́ jọ àwọ̀ osùn lè da ayẹyẹ ènìyàn rú, nítorí pé gbogbo ẹbí ìyàwó ni wọn yóò wọ̀ ọ́, aṣọ kan kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Iná inú ilé máa ń sọ sányán di pupa rúsúrúsú, ó sì máa ń sọ ẹtù di dúdú pátápátá. Ẹ gbé aṣọ sí ìta lábẹ́ ìbòòji, ní òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn ìrun Aláàsárì, níbi tí oòrùn kò ti ní ta sí i lára tààrà. Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù, nítorí òróró ọwọ́ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ya odindi aṣọ, lẹ́yìn náà ẹ súnmọ́ ọn kí ojú òwú lè hàn, kí ẹ sì tún ya ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń lo ohun kan tí ń mú kí fọ́tò dán ju bí ó ti rí lọ. Ẹ má fi sí aṣọ títà.

Ẹ rántí ìtàn tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ànábì kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan ní ọjà, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Olówó rẹ̀ ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Òkè òkìtì nìkan ni fọ́tò máa ń fi han oníbàárà. Bí òwú bá já níbì kan, tàbí tí aṣọ ti pẹ́ nínú àpótí tí ó ti ní àmì ìká, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ya, kí ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì dín owó rẹ̀ kù. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gèlè méjì tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n tà.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ iye owó sára ọjà. Àṣà kan ti wọ ayélujára tí ó ń bí wa nínú: ènìyàn yóò fi ọjà hàn, yóò ní kí oníbàárà wá bá òun ní ìkọ̀kọ̀ kí ó tó gbọ́ iye rẹ̀. Àwọn kan ń ṣe é kí wọ́n lè wo ojú oníbàárà kí wọ́n tó dá iye lé e, èyí tí ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù yóò san ìlọ́po méjì èyí tí ó ń gbé Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní béèrè rárá, wọn yóò rò pé ó wọ́n, wọn yóò sì lọ.

Ṣé ó tọ́ láti ta ohun tí oníbàárà kò fi ojú rí? Ìbéèrè yìí ni àwọn bàbá máa ń bi wá jù. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà Imáàmù Málíkì, èyí tí à ń kọ́ ní ilé-kéwú wa, gbà pé ènìyàn lè ta ohun tí kò sí níwájú ẹni tí ń rà á, bí a bá ṣàpèjúwe rẹ̀ tí ó sì yé e. Bí ọjà bá dé tí ó bá àpèjúwe mu, ó ti di tirẹ̀. Bí kò bá bá a mu, ó ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. Ti èyí tí a kò tíì hun ńkọ́, tí oníbàárà yóò san owó sílẹ̀? Èyí súnmọ́ ohun tí à ń pè ní sàlámù. Nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń san owó èso sílẹ̀ fún ọdún kan tàbí ọdún méjì. Kò lé wọn kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mímọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mímọ̀. (Bóyá gbogbo owó ni a ó san tàbí ìdajì, ọ̀rọ̀ wà lórí ìyẹn láàárín àwọn onímọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ọ kí ó wá bá wa ní ilé-kéwú, ojú ìwé yìí kò gbà á.)

Ohun tí èyí túmọ̀ sí lórí fóònù ni pé kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́bọ̀. Ìpè ẹnu kò tó. Bí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí: "Gèlè àti ìpèlé fún obìnrin mẹ́wàá, àwọ̀ àlàárì bí èyí tí ó wà nínú fọ́tò kejì, òwú tí kò dán. Iye gbogbo rẹ̀ ni báyìí. Ẹ ti san báyìí, ó ku báyìí. Yóò jáde ní Ìsẹ́yìn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ. Owó ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni a sọ?" Kí ẹ dúró kí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan lé e. Gbogbo wa ni a mọ ahunṣọ àti ọ̀la-ni-ọ̀la-ni. Ní ọjà àtijọ́, oníbàárà kan ni yóò bínú. Lórí ayélujára, yóò kọ ọ́ síta, ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò sì kà á.

Bí owó bá wọlé, ẹ má gbà pé ó wọlé nítorí pé oníbàárà fi fọ́tò rìsíìtì ránṣẹ́, tàbí nítorí pé fóònù dún. Àwọn kan ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ara wọn. Ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáǹtì yín gan-an kí ẹ tó di ẹrù. Bí ẹ bá gbé ẹrù lọ sí gáréèjì, ẹ ya fọ́tò ẹrù, ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti dírẹ́bà, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ti òkè òkun, kílò ni wọ́n máa ń fi gba owó rẹ̀, nítorí náà ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó sọ iye fún ẹnikẹ́ni.

Nísinsìnyí, a fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tí ó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́, kí a má sọ orúkọ òun. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ẹnì kan pè é, ó ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àsàlátù kan ni òun ti ń pè, pé wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìpàdé orí fóònù, pé nọ́ńbà mẹ́fà kan yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀, kí ó kà á fún òun. Ó kà á. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, WhatsApp rẹ̀ ti kú lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòdù tí WhatsApp fi ń mọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà ni ó kà fún olè. Olè náà wọlé, ó sì kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀: owó òwú fẹ́ gbówó lórí, ẹni tí ó bá san lónìí yóò rí ẹ̀dínwó, àkáǹtì tuntun nìyí. Ènìyàn méjì sanwó. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá ìyàwó tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ mọ́.

Ó wá sí ọ̀dọ̀ wa ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó bi wá pé ṣé gbèsè òun ni. A jókòó lé e pẹ́. Owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀-ọ́n-mọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fọkàn tán tí wọ́n fi sanwó. A sọ fún un pé a kò lè di gbèsè náà lé e lọ́rùn, àti pé ohun tí ó bá fi ọkàn rere ṣe, Ọlọ́hun rí i. Ó hun aṣọ ìgbéyàwó náà, owó òwú nìkan ni ó gbà. Fún ẹnì kejì, ó ń dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ní ti nọ́ńbà rẹ̀, ó béèrè kóòdù tuntun, èyí sì lé olè náà jáde. Ṣùgbọ́n olè ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ọjọ́ méje ni ó fi dúró kí ó tó lè wọlé padà. Ọjọ́ méje náà, ẹnu ọ̀nà ilé àwọn oníbàárà àti orí ìpè ni ó wà, tí ó ń ṣàlàyé.

Ẹ ṣe èyí lónìí kí ẹ tó sùn: ẹ lọ sí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Two-step verification, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ kò ní gbàgbé. Ẹ má lo ọdún ìbí yín. Láti ìgbà náà, bí olè bá gba kóòdù lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà yìí ni yóò dí i lọ́nà. Kóòdù tí ó bá wọ fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àáfà. Àwa pàápàá.

Bí ọwọ́ bá ti balẹ̀ lórí WhatsApp, ẹ lè ṣí ojú ewé ọjà lórí Facebook. Ojú ewé ọjà yàtọ̀ sí ti ara ẹni, tí ọ̀rẹ́ ibẹ̀ kò lè kọjá 5,000. Instagram dára fún fọ́tò. TikTok dára fún fídíò kúkurú, àwọn ará ìta sì fẹ́ràn láti wo bí ọwọ́ ahunṣọ ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ lórí òfì ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn aṣọ tí a ti ká sílẹ̀ lọ. Ìpolówó tí à ń san owó fún wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó di ìgbà tí ẹ bá ti ta ọjà fún oṣù bíi mẹ́ta láì san kọ́bọ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ń ra ọjà yín. Àwọn ọmọ kan yóò wá sọ pé àwọn lè ra ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá olùtẹ̀lé fún yín. Ẹ lé wọn. Àwọn olùtẹ̀lé bẹ́ẹ̀ kì í ra aṣọ, irọ́ sì ni fún ẹni tí ó bá wò ó.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri àgbáyé, ó tó bíi wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó padà. Ní ọdún náà kan náà, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa láti oṣù kẹfà títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn tí wọ́n fi gbogbo ọjà wọn síbẹ̀ wà bí ẹni tí wọ́n ti ọjà mọ́ síta. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí ó rà àti ọjọ́ tí ó rà á. Ọmọ yín tí ó wà ní kíláàsì wa lè máa kọ ọ́ fún yín, yóò sì tún fi ìyẹn mọ ìwé kọ.

Bàbá tí ó dìde ní ìpàdé ti ta mẹ́ta nínú àwọn aṣọ náà nígbà tí a ń kọ èyí. Ó ṣì ku púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a jọ ṣe é, kí ó mú fóònù rẹ̀ àti aṣọ kan wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Ìyá náà yóò wà níbẹ̀. Kí ẹ ti fi iná sí fóònù láti ilé, nítorí iná ilé-ìwé kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.